Àpò Ọdẹ́sànyà Nínú Ọkọ̀ Tí Ó Rì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ súnmọ́ bí. Ẹni tí ó bá ní iṣu lórí iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ojú ìsinmi, n kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti bá ẹfọ̀n fojú kan ojú, ẹfọ̀n náà ni ó kọ́kọ́ gbójú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdẹ tí Ìdí-Ahùn bí, kò sí ẹni tí ó rìn dé ibi tí Ọdẹ́jìmí ọmọ Àwẹ̀ró rìn dé. Tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe tèmi. Bí mo bá bù mọ́ ọn, ẹ dá mi dúró. Bí mo bá yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Mo ní ìdí tí mo fi yọ ọ́.

Nígbà tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn ja ogun ńlá kejì, Ọdẹ́sànyà, àbúrò Ọdẹ́jìmí, fi ìbọn rẹ̀ kọ́ ara ògiri, ó gbé àpò ọdẹ rẹ̀ kọ́rùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Ó rí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ elééfín kan tí ń kó ẹrù. Iṣẹ́ náà kò ju kí ó máa fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná tí ń mú ọkọ̀ rìn. Àwọn èrò èbúté sọ ọkọ̀ náà ní Arógunmásàá. Ó kó epo pupa, ó kó èkùrọ́, ó kó ẹ̀pà, ó sì forí lé òkun. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ ogun kan tí ń rìn lábẹ́ omi bí ẹja yọ ojú kan ṣoṣo sókè, ó wo Arógunmásàá, ó sì rán àdó olóró sí i nínú. Kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, ọkọ̀ ńlá ti di ará ìsàlẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni ó dé Ìdí-Ahùn. Ìwé náà sọ pé ọkọ̀ rì. Kò sọ ẹni tí ó kú, kò sì sọ ẹni tí ó yè.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Nígbà náà ni igbó Ìdí-Ahùn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọdẹ bá ti ba síbi kan, tí ó na ìbọn sí ẹtu, tí ìka rẹ̀ fẹ́ tẹ ohun tí ó ń tẹ̀, ìwúkọ́ kan a dún lẹ́yìn rẹ̀, ìwúkọ́ gbígbẹ bí ti ẹni tí èéfín há sí láyà. Ẹtu a gbórí sókè, a wo ọdẹ bí ẹni tí ń kí i, a sì bá tirẹ̀ lọ. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni kò mú ọ̀kẹ́rẹ́ kan wálé. Ọdẹ ń ra ẹran lọ́jà, ó ń fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ kí aládùúgbò má baà rí i.

Àwọn àgbà ọdẹ pàdé, ọ̀rọ̀ wọn sì bọ́ sí ojú kan: Ọdẹ́sànyà ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a gbẹ́ ère kan, wọn a wọ̀ ọ́ ní aṣọ ọdẹ rẹ̀, wọn a fi ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ, sìn ín dé oríta igbó, wọn a sì wí fún un pé, "Ìpín rẹ ti kúrò nínú tiwa. Máa lọ." Ìpà ni à ń pè é. Ọdẹ tí a kò ṣe ìpà fún kì í sinmi, kì í sì í jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sinmi. Ṣùgbọ́n ìpà ní ojú kejì. Ẹni tí a bá ti ṣe é fún, bí ó tilẹ̀ wà láàyè, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìlú mọ́ láéláé. Ìyá tí ó bí i kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́.

Olúọdẹ Ògúnwúyì, olórí gbogbo ọdẹ, fúnra rẹ̀ lọ bá Àwẹ̀ró nílé.

"Ìyá Ọdẹ́jìmí, ẹ ṣe sùúrù fún wa," ni ó wí. "Ọmọ yín ni ó ń wúkọ́ yẹn."

"Ìwúkọ́ ọmọ mi kọ́," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú ẹ̀gúsí tí ó ń bó. "Ọmọ mi a máa wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà a sín. Eléyìí kì í sín."

"Ẹ̀yin ìyá wa, òkú kì í sín."

"Òkú mélòó ni ẹ ti gbọ́ ìwúkọ́ wọn, Olúọdẹ, tí ẹ fi mọ èyí tí ń sín àti èyí tí kì í sín?"

Olúọdẹ fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà, ṣùgbọ́n ìlú ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bí a kò bá rí ọmọ yín kí oòrùn tó dé àtàrí ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, a ó gbé ìpà rẹ̀ jáde."

Ọdẹ́jìmí dìde níbi tí ó jókòó sí. "Èmi yóò lọ sínú ọkọ̀ náà," ni ó wí. "Bí ó bá kú, ma mú àmì rẹ̀ bọ̀. Bí kò bá kú, ma mú òun fúnra rẹ̀ bọ̀."

Aṣípa, igbákejì Olúọdẹ tí ó tẹ̀ lé e wá, bú sẹ́rìn-ín. "Ọdẹ́jìmí, ìwọ tí o máa ń ká ṣòkòtò kí o tó fo ojú àgbàrá?"

"Mo máa ń ká a nítorí ṣòkòtò náà dára, Aṣípa. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti gbó kò ní ìdí tí yóò fi ká a."

Bẹ́ẹ̀ ni ó lọ.

N kò ní fi ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ni ó rìn ín, ẹnu kò lè rìn ín tán. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ọdẹ́jìmí wọ igbó kan tí gbogbo igi ibẹ̀ kẹ̀yìn sí ọ̀nà bí ẹni tí a ṣẹ̀. Láàrin igbó náà ni iwin kan ti dìde sí i. Ojúlórúnkún ni orúkọ rẹ̀, nítorí orí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ojú rẹ̀ wà. Kò kúnlẹ̀ kí ọba kan rí láyé, torí bí ó bá kúnlẹ̀, ilẹ̀ a bò ó lójú.

Ọdẹ́jìmí na ìbọn, ó yìn ín. Ọta yọrí jáde lẹ́nu ìbọn, ó wo iwin náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì padà wọlé. Ẹ má dá ọta náà lẹ́bi. Ọta tí ó gbọ́n ni í pẹ́ láyé. Ó di ìjàkadì. Ojúlórúnkún gbé Ọdẹ́jìmí dá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọdẹ́jìmí gbé iwin dá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó sì ń ròyìn títí ó fi darúgbó.

"Alágídí ni ọ́," ni iwin náà wí, ó ń gbọn ewé kúrò lára. "Níbo ni ò ń lọ?"

"Mo ń lọ wo àbúrò mi nínú ọkọ̀ tí ó rì."

"Nígbà náà, àlọ́ mi kàn ọ́. Òkú wo ni ó ń jẹun tí ó ń sùn, tí ẹnikẹ́ni kò pa á, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sin ín?"

Ọdẹ́jìmí ronú títí òógùn fi bò ó. Ó ní, "Ẹni tí ń lọ kò tíì mọ ohun tí ẹni tí ń bọ̀ mọ̀. Jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ, ma dá ọ lóhùn nígbà tí mo bá ń padà."

"Ó dára. Fi ohun kan sílẹ̀ tí yóò mú ọ padà." Kí Ọdẹ́jìmí tó ronú ohun tí yóò fi sílẹ̀, iwin náà ti fi gìgísẹ̀ tẹ òjìji rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọdẹ́jìmí gbé ẹsẹ̀, òjìji rẹ̀ sì ya kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí aṣọ àlòkù. "Bí o bá mú ìdáhùn bọ̀, o ó gbà á. Bí o kò bá mú un bọ̀, ìwọ àti òun ni ẹ ó jọ máa bá mi gbé."

Ẹ wá wo ọkùnrin tí ó ń rìn nínú oòrùn tí kò ní òjìji. Ẹyẹ ń fò kọjá lórí rẹ̀, wọ́n ń padà wá wò ó.

Ọjọ́ keje bá a ní ìlú kan tí ń jẹ́ Adúródè. Ní iwájú ilé kọ̀ọ̀kan, bẹ́ǹṣì kan wà, àwọn ènìyàn sì jókòó sórí rẹ̀, wọ́n kọjú sí ọ̀nà. Oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti tutù, aláǹtakùn ti ta òwú bo ẹnu àwo. Gbogbo wọn ni ó ń retí ẹnì kan tí ó lọ sí ìrìn-àjò.

"Jókòó, ọmọ mi," ni ìyá arúgbó kan wí fún un. "Ọ̀nà kò ní sá lọ."

"Ìyá, ta ni ẹ ń retí?"

Ìyá náà ronú. "Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo jókòó," ni ó wí.

Ẹ̀rù ba Ọdẹ́jìmí ju bí iwin ti bà á lẹ́rù lọ. Ó rí i pé ìdí ìyá náà ti ta gbòǹgbò wọ igi bẹ́ǹṣì. Ohun kan ni ó gbà á: ọdẹ tí ó wà lójú ìrìn kì í jókòó. Yóò fi ìdí ìbọn gúnlẹ̀, yóò fẹ̀yìn tì í, yóò sinmi lóòró. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe. Ó juwọ́ sí ìyá náà, ó sì jáde ní Adúródè kí oòrùn tó yí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó dé etí òkun, ó sì rí ohun tí ojú ọdẹ kan kò rí rí. Láti inú ikùn Arógunmásàá ni epo pupa ti ń yọ́ gòkè láti ọdún mẹ́ta wá, ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò dáwọ́ dúró. Ibi tí epo náà bá gbà lórí omi, ìgbì a wólẹ̀, a dákẹ́. Ọ̀nà pupa kan nà láti èbúté lọ sí àárín gbùngbùn òkun. Epo ni ìrọjú, àwọn àgbà kò purọ́. Ọdẹ́jìmí ká ṣòkòtò rẹ̀, ó sì gun orí epo náà, ó ń rìn.

Níbi tí epo náà ti ń yọ jáde, ó bá àbùùbùtán kan, ẹja tí a ń bù títí láìtán, ó tóbi bí òkè, ó ń kérora.

"Kí ni ó ṣe ọ́?" ni Ọdẹ́jìmí bi í.

"Irin," ni àbùùbùtán dáhùn. "Ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ọkọ̀ yẹn, àfọ́kù kan wọ̀ mí ní ẹ̀gbẹ́. Ogun tiwọn, ẹ̀gbẹ́ tèmi. N kò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Wọn kò bi mí léèrè."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ó mọ ọta í yìn ni ó mọ ọta í yọ. Ọdẹ́jìmí bu epo pupa sí ojú egbò náà, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sì yọ irin náà wẹ́rẹ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ajá ọdẹ rẹ̀. Àbùùbùtán mí kanlẹ̀. Omi òkun fà sẹ́yìn ní ilẹ̀ mẹ́ta nítorí èémí náà. Ó la ẹnu, ó ní kí Ọdẹ́jìmí wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun, ó sì gbé e lọ sísàlẹ̀.

Arógunmásàá jókòó sórí iyanrìn bí ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń ro. Ihò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbo màlúù lè gbà á kọjá. Àwọn ẹja ń kó èkùrọ́ jáde, wọ́n ń kó ẹ̀pà wọlé. Ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan dé fìlà ọ̀gá ọkọ̀, ó jókòó sí ibi tí a ti ń tọ́ ọkọ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá láìkí òun. Ọdẹ́jìmí kí i. Ó wọ yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn, ó rí i pé ibùsùn gbogbo wọn ti ṣófo, a tẹ́ wọn dáadáa, bí ẹni tí ó dágbére kó tó lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni a kò tẹ́.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ìwúkọ́ náà. Láti yàrá iná ni ó ti ń wá.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Ọkùnrin kan jókòó sórí òkìtì èédú, ó kẹ̀yìn sí i, àpò ọdẹ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọdẹ́jìmí mọ àpò náà. Awọ ìkookò ni. Bàbá àwọn ni ó rán an, okùn tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ ni a fi dè é. Ó ti ṣí ẹnu láti sunkún nígbà tí ọkùnrin náà yíjú padà. Ìlà dúdú kan ṣoṣo wà láti iwájú orí rẹ̀ dé igi imú, ìlà àwọn ará Kúrú, àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Làìbéríà. Kì í ṣe Ọdẹ́sànyà. Inú Ọdẹ́jìmí dùn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ojú tì í pé inú rẹ̀ dùn lójú òkú ẹlòmíràn.

"Ẹ kú ìjókòó," ni ó wí. Lábẹ́ omi, gbogbo èdè a máa yé ara wọn.

"Ṣé o bu omi náà wá?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Omi wo?"

"Omi mímu. Ẹni tí ó ni àpò yìí gòkè lọ bu omi fún mi. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Inú òkun ni o jókòó sí."

"Èyí jẹ́ oníyọ̀," ni ọkùnrin náà wí, ó sì wúkọ́, ìwúkọ́ tí àpò ọdẹ náà ń gbé lọ sí igbó Ìdí-Ahùn.

Nímẹ́lì ni orúkọ rẹ̀. Òun àti Ọdẹ́sànyà ni wọ́n jọ ń da èédú. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan. Lọ́jọ́ náà, èéfín há sí Nímẹ́lì láyà. Ọdẹ́sànyà ní òun yóò lọ bu omi wá. Àkàsọ̀ náà há, àpò yóò máa kọ́ irin. Ó bá bọ́ ọ, ó gbé e kọ́ Nímẹ́lì lọ́rùn, ó sì fi ọwọ́ júwe fún un pé kò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yẹ inú rẹ̀ wò. "Ó gun àkàsọ̀ dé òkè," ni Nímẹ́lì wí. "Nígbà náà ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ya. N kò rí i mọ́."

"Ṣé ó kú?" ni Ọdẹ́jìmí bi í.

"Gbogbo ẹni tí ó kú nínú ọkọ̀ yìí, iwájú mi ni wọ́n gbà kọjá, bí àwọn ará ilé wọn ti ń sunkún wọn tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ wọn. Tirẹ̀ kò kọjá."

Ẹni tí kò jókòó ní Adúródè jókòó sínú èédú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, èédú ń kùn ún lójú. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Èéṣe tí ìwọ kò fi lọ?"

"Mo di àpò mú. Yàtọ̀ sí èyí, ní ìlú mi, wọ́n rò pé mo ṣì ń bá ọkọ̀ káàkiri. Kò sí ẹni tí ó tíì wí fún mi pé kí n máa lọ."

"Fún mi ní àpò náà. Àbúrò mi ni ó ni ín."

Nímẹ́lì fọwọ́ bò ó. "Sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀."

"Ìwọ tí o kò yẹ̀ ẹ́ wò, báwo ni o ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ?"

"Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìta."

Ọdẹ́jìmí ní, "Òkúta ìṣáná kan. Eyín ẹran àkọ́pa rẹ̀. Etí aṣọ ìyá wa, a so ó ní kókó mẹ́ta."

"Mẹ́ta ni," ni Nímẹ́lì wí jẹ́ẹ́. Ó bọ́ àpò náà lọ́rùn, ìwúkọ́ rẹ̀ sì bá àpò lọ. "Bá mi sọ fún un pé n kò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ma sọ fún un. Ma sì wá ẹni tí yóò ní kí o máa lọ."

Àbùùbùtán tu Ọdẹ́jìmí sí etí òkun abúlé àwọn apẹja kan ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá. Àpò ń wúkọ́ léjìká rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ rí ni àwọ̀n kan tí a nà sórí igi, ojú tí ó ti ya lára rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a fi kókó kan dí tí apẹja kan kì í ta: kókó tàkúté bàbá wọn. Ó yí igi náà po. Ọdẹ́sànyà jókòó síbẹ̀, abẹ́rẹ́ àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdẹ́sànyà wo ojú rẹ̀. Ó wo àpò. Ó wo ilẹ̀ níbi tí ó yẹ kí òjìji wà, abẹ́rẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ìgbà wo ni ẹ kú?"

"Èmi kọ́ ni mo kú. Ìwọ ni."

"Òótọ́ ni, èmi náà ti kú. Ṣùgbọ́n èmi ní òjìji."

"Òjìji mi wà lọ́dọ̀ iwin kan. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ìwọ, ẹ̀kọ tútù ni mo rí lẹ́nu rẹ yìí, irú òkú wo ni ìwọ?"

Ọdẹ́sànyà kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn apẹja ni wọ́n yọ mí nínú omi. Ọkọ̀ òkun ti kọjá níbí nígbà púpọ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Mo mọ àṣà ilé wa, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́ta, kò sí ìròyìn, àpò mi sì wà nísàlẹ̀ omi lọ́rùn ẹni tí mo fi sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n á ti ṣe ìpà mi. Ṣé kí n wá dúró níwájú ìyá mi, kí ó máa wò mí, kí ó má lè pe orúkọ mi?"

"Wọn kò tíì ṣe é."

"Ta ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é?"

"Ìyá ni. Ó ní ẹni tí ń wúkọ́ nínú igbó kì í ṣe ìwọ. Ó ní ìwọ máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o sì máa ń sín."

Ọdẹ́sànyà la ẹnu láti fèsì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì sín.

"Dìde," ni Ọdẹ́jìmí wí. "Ọjọ́ márùn-ún péré ni ó kù kí wọ́n gbé e jáde."

Ẹ jẹ́ kí n sáré, nítorí àwọn náà sáré. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ Adúródè sílẹ̀, wọn kò gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n dé igbó tí igi rẹ̀ kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ojúlórúnkún dúró, òjìji Ọdẹ́jìmí wà lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀.

"Ìdáhùn mi dà?"

"Òun nìyí," ni Ọdẹ́jìmí wí, ó fọwọ́ kan èjìká àbúrò rẹ̀. "Ẹni tí ó rò pé àwọn ará ilé òun ti pín òun níyà. Ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó ń sùn. Kò sí ẹni tí ó pa á, kò sì sí ẹni tí ó lè sin ín, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì ń rìn."

Iwin náà gbé gìgísẹ̀ kúrò. Òjìji náà sá padà sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ni ín. "Ta ni kò jẹ́ kí ilé sin ín?" ni Ojúlórúnkún bi wọ́n.

"Ìyá wa ni."

Nígbà náà ni ẹni tí kò kúnlẹ̀ fún ọba kan rí kúnlẹ̀, ilẹ̀ bò ó lójú. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i." Gbogbo igi igbó náà yíjú padà sí ọ̀nà, ọ̀nà sì kúrú. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin di ìrìn ọjọ́ kan.

Oòrùn kù díẹ̀ kí ó kan àtàrí ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Àwọn ọdẹ ti gbé ère Ọdẹ́sànyà jáde, ó wọ aṣọ rẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti dé ẹ̀bá oríta. Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ dìde," ni Olúọdẹ ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ gbé e gba orí mi kọjá," ni Àwẹ̀ró wí. "Ṣebí ẹsẹ̀ yín gùn."

Ibẹ̀ ni ìwúkọ́ ti dún lẹ́yìn wọn: ti àpò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà méjì tí ń tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà sísín. Àwẹ̀ró dìde jókòó. Kò tíì wo ojú ọmọ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wò, nítorí ẹsẹ̀ òkú kì í kan ilẹ̀. Eruku ọ̀nà ti bò ó dé kókósẹ̀.

"Ọdẹ́sànyà," ni ó wí, ó pe orúkọ náà kíkan kí gbogbo ọdẹ gbọ́. "Ẹsẹ̀ rẹ dọ̀tí. Lọ fọ̀ ọ́ kí o tó wọlé mi." Lẹ́yìn náà ni ó tó di ẹsẹ̀ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ru ère kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ìpà tí a bá ti gbé kúrò nílé kì í padà sílé. Bí ó bá padà lófo, yóò mú ẹlòmíràn. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú. Aṣípa ni ó sọ ohun tí gbogbo wọn ń rò: "Ta ni a ó fún?"

Ọdẹ́jìmí jáde síwájú, ó sì ròyìn Nímẹ́lì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbé àpò náà kọ́ ère lọ́rùn.

"Kì í ṣe ọdẹ," ni Aṣípa wí. "A kì í ṣe ìpà fún ẹni tí kì í ṣe ọdẹ."

Olúọdẹ Ògúnwúyì wo àpò náà pẹ́. "Aṣípa," ni ó wí, "o ti ba de ẹtu rí láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo sì gbọ́ bí o ti ṣe ráhùn. Ẹni yìí dúró ní ojú kan fún ọdún mẹ́ta, kò sùn, kò gbé ohun tí a fi sí i lọ́wọ́ sílẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òun kì í bá ṣe ọdẹ, àwa wo ni ọdẹ?"

Ọdẹ́sànyà ti sáré lọ. Nígbà tí ó padà, igbá omi odò Ìdí-Ahùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú, kò dà sílẹ̀. Àwọn ọdẹ gbé ìrèmọ̀jé:

"Nímẹ́lì, ọmọ ará òkèèrè,
A kò mọ baba tí ó bí ọ,
A mọ àpò tí o dì mú.
Ẹni tí ó lọ bu omi ti dé,
Ọ̀nà ni ó jìn, kò gbàgbé rẹ.
Mu ún, kí o máa lọ.
Ìpín rẹ ti kúrò nínú tiwa."

Ọdẹ́sànyà kúnlẹ̀, ó sì da omi náà sí ère lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Àpò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹni tí ó wà ní oríta gbọ́ bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́ ṣe ń gbé omi mì. Àpò dákẹ́. Igbó dákẹ́. Ẹtu kan jáde láti inú igbó, ó gba àárín àwọn ọdẹ mọ́kàndínlógójì kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ìbọn sí i lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyí tí ọdẹ Ìdí-Ahùn kì í mu omi ní oríta láìta díẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ tí ó ń pè nígbà náà, tí kò jọ orúkọ ilẹ̀ wa, ẹ má rò pé ọtí ni. Ó tán lẹ́nu mi. Ẹ lọ wo iṣu yín.